Ilẹ̀ inú fóònù: wọ́n ń tà á, wọ́n ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ta ló ni ín?

Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ MTN, tí káàdì rẹ̀ wà nínú fóònù ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Savalou àti ní Bantè, ra ojú ilẹ̀ 144. Kò sí ẹni tó lè kọ ebè iṣu kan ṣoṣo sórí ilẹ̀ náà. Kajú kò lè hù níbẹ̀, òjò kì í rọ̀ síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Inú kọ̀ǹpútà ni ilẹ̀ ọ̀hún wà, ní ibi kan tí ilé-iṣẹ́ Africarare ti Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀, tí wọ́n sọ ní Ubuntuland. Owó gidi ni MTN san.

Bí ẹni ńlá bá ra nǹkan, àwọn kéékèèké a máa fẹ́ rà á tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ó yẹ kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ wa mọ eré orí fóònù ju àwa lọ. Àwọn bàbá wa mọ ilẹ̀ ju àwọn tó ń ta ilẹ̀ orí fóònù lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀ ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan a ní àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí wọn kì í pa, tọ̀sán tòru. Inú wọn ni wọ́n ya ayé kan sí: òkè, odò, pápá, ọ̀nà, ilé. Ẹnikẹ́ni tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè wọ ibẹ̀, wọn a sì fún un ní àwòrán ènìyàn kan tí yóò máa rìn káàkiri dípò rẹ̀. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí fíìmù ni pé ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń rí. Bí ẹni tó wà ní Bantè bá gbẹ́ kòtò síbẹ̀ lónìí, ẹni tó wà ní Cotonou lè já sínú rẹ̀ lọ́la. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan ti lè ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́, ọ̀rọ̀ ààlà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń tún ilẹ̀ náà ṣe

Ọ̀kan nínú àwọn ayé bẹ́ẹ̀ tó ti pẹ́ ni Second Life. Linden Lab, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣí i ní 2003. Wọ́n pín ilẹ̀ rẹ̀ sí abala onígun mẹ́rin, abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 256 ní gígùn àti mítà 256 ní ìbú. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó lé ní ẹ̀kítà mẹ́fà àtààbọ̀. Oko tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin àgbẹ̀ Gouka àti Pira mọ iye ọkọ́ àti iye ọjọ́ tí yóò gbà.

Níbẹ̀, ìka ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó ni ilẹ̀ lè gbé e sókè kó di òkè, ó lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó di àfonífojì, ó lè tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó lè mú un dán, ó lè sọ ọ́ di gbágungbàgun, bó bá sì bà á jẹ́ tán, ó lè dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wù wá jù. Ilẹ̀ tí òjò ti wọ́ lọ, tàbí tí wọ́n ti gbẹ́ yanrìn rẹ̀ tà, kò sí bọ́tìnì tí ènìyàn lè tẹ̀ kó padà.

Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe bó ṣe wù ú. Lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Linden Lab fúnra rẹ̀ ń bójú tó, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mítà mẹ́rin péré ni ẹnìkan lè gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ òkè gíga ní láti lọ gba abala tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí kò sí aládùúgbò níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: bí o bá gbé ilẹ̀ tìrẹ sókè mítà ogún, ògiri lo mọ sí ojú ilé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ẹnikẹ́ni tí aládùúgbò rẹ̀ bá ti da omi àgbàrá sí oko rẹ̀ rí kò nílò àlàyé lórí èyí.

Obìnrin kan fi iṣẹ́ yìí di olówó. Ailin Graef ni orúkọ rẹ̀, China ni wọ́n ti bí i, Jámánì ló ń gbé. Anshe Chung ni orúkọ tó ń jẹ́ nínú Second Life. Ó ń ra ilẹ̀ ní odidi, ó ń tún un ṣe kó lẹ́wà, ó ń gé e sí wẹ́wẹ́, ó sì ń tà á tàbí kó fi í háyà. Ní oṣù karùn-ún 2006, àwòrán rẹ̀ wà ní iwájú ìwé ìròyìn BusinessWeek ní Amẹ́ríkà. Kí ọdún náà tó parí, ó kéde pé gbogbo ohun tí òun ní nínú ayé náà ti ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ẹ̀yin ìyálọ́jà mọ irú òwò yẹn: ra odidi àpò, wọ̀n ọ́n ní kóńgò kóńgò.

Pèrègún wọn

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ilẹ̀ náà ló yẹ ká dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni a ti rí ohun tó jọ tiwa jù.

Nínú Second Life, ẹni tó ni ojú ilẹ̀ kan lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé: lágbájá lè wọlé, tàmẹ̀dù kò gbọdọ̀ wọlé, ẹni yìí lè kọ́lé síbẹ̀, ẹni yẹn kò lè fọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀. Bí àlejò bá gbé ẹrù tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ, o lè ṣètò pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹrù náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe kí a ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún màlúù tó bá wọ oko iṣu lóru, ìjà ìbá dínkù púpọ̀ ní agbègbè wa.

Ti Minecraft tún yé ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Sweden ló ṣe eré yìí. Ó jáde ní pípé ní 2011, Microsoft sì ra ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní 2014 ní bílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ dọ́là. Ilẹ̀ rẹ̀ dà bí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò léra wọn. O lè wú búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi kọ́lé. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti ń ṣeré pọ̀, kò pẹ́ tí àwọn aṣebi fi dé. Ènìyàn á lo oṣù mẹ́ta láti kọ́ ààfin, yóò sùn, yóò jí, yóò bá a pé wọ́n ti wó o, wọ́n sì ti kó ohun tó wà nínú àpótí rẹ̀ lọ. Kì í ṣe owó ni wọ́n wá. Wọ́n kàn fẹ́ bà á jẹ́ ni.

Àwọn tó ń bójú tó irú ibi bẹ́ẹ̀ wá ọgbọ́n dá. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní GriefPrevention, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: wọn a fún ọ ní ṣọ́bìrì aláwọ̀ wúrà. O fi tọ́ igun kan ilẹ̀ tí o fẹ́, o rìn lọ sí igun kejì tó dojú kọ ọ́, o tún tọ́ ọ. Ààlà ti wà nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, ẹlòmíràn kò lè wú búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, tó fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà ní olówó, yóò mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, yóò fi kan ilẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín yóò sì jáde. Àlejò tí kò tíì mọ nǹkan kan pàápàá, wọ́n ń ṣọ́ ọ: ibi tó bá kọ́kọ́ gbé àpótí rẹ̀ sí, ètò náà a máa pa ààlà kékeré yí àpótí náà ká fún un.

A rẹ́rìn-ín nígbà tí a ka èyí, nítorí kí ni pèrègún ń ṣe tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn bàbá wa rìn dé igun, wọ́n gbin pèrègún, wọ́n rìn dé igun kejì, wọ́n tún gbin òmíràn. Pèrègún kì í tètè kú, ẹran kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́, bí iná bá sì jó o, ó tún ń rú. Ìyàtọ̀ kan ló wà: bí o bá fọwọ́ kan pèrègún, kò ní pe orúkọ ẹni tó gbìn ín. Ẹnu àgbà ló ń pe orúkọ yẹn.

Ohun kan tún wà nínú ètò náà tó yà wá lẹ́nu jù. Àṣẹ tí onílẹ̀ lè fún àlejò pín sí oríṣi. Ó lè gbà kí ó ṣí ilẹ̀kùn nìkan. Ó lè gbà kí ó ṣí àpótí, kí ó sì mú ohun tó wà níbẹ̀. Ó sì lè gbà kí ó kọ́lé, kí ó wú ilẹ̀. Àwọn tó ṣe ètò yìí kò gbé ní Bantè rí, ṣùgbọ́n ohun tí onílẹ̀ wa ń ṣe ni wọ́n ṣe. Ẹni tí a bá yá ní ilẹ̀ lè gbin iṣu, ó lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ó lè kórè. Ṣùgbọ́n wọn a sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbin igi. Kí nìdí? Nítorí iṣu kì í ju ọdún kan lọ nínú ilẹ̀, igi kajú a sì máa wà níbẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbin kajú ti gbin ẹ̀rí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá dàgbà, yóò nawọ́ sí igi náà, yóò ní bàbá òun ló gbìn ín, ọ̀rọ̀ yóò sì di wàhálà. Láti ìgbà tí kajú ti di ohun tó ń mówó wọlé ní agbègbè Collines yìí, òfin àtijọ́ náà ti wá ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibì kan wà tí ọ̀nà wa àti tiwọn ti pínyà. Nínú eré náà, alábòójútó lè pàṣẹ pé ẹni tí kò bá wọlé fún ọjọ́ báyìí, ààlà rẹ̀ yóò pa rẹ́, ẹlòmíràn yóò sì lè gba ilẹ̀ náà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ti lọ sí Nàìjíríà tàbí Abidjan láti ogún ọdún ṣì ní ìpín nínú ilẹ̀ ẹbí rẹ̀. A kò sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Tiwọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣòfò. Tiwa kì í jẹ́ kí ọmọ sọ ilé nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ló ń bí ọ̀pọ̀ ẹjọ́.

Ẹni tó mú ìwé dání

Ó dára. Wọ́n ń tún ilẹ̀ ṣe, wọ́n ń pa ààlà, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ta wá ni onílẹ̀?

Ní 2006, agbẹjọ́rò kan ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, Marc Bragg, ra ojú ilẹ̀ kan nínú Second Life ní 300 dọ́là. Linden Lab ní ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà rà á, pé ó wọ ibi ìtajà kan tí wọn kò tíì ṣí fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n gba ilẹ̀ náà. Wọn kò dúró síbẹ̀: wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, gbogbo ohun mìíràn tó ní nínú ayé náà sì bá a lọ. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù. Ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé tó fọwọ́ sí nígbà tó wọlé sọ pé kì í ṣe kóòtù ni yóò ti dá ẹjọ́ wọn. Ní oṣù karùn-ún 2007, adájọ́ ní àdéhùn yẹn kò bá ẹ̀tọ́ mu, pé ẹ̀gbẹ́ kan ló fara sí jù, pé kí ẹjọ́ máa lọ ní kóòtù. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Kóòtù kò sì tíì sọ bóyá ohun tí Bragg rà jẹ́ ilẹ̀ tàbí kì í ṣe ilẹ̀.

Àwa ní tiwa rò pé ìdáhùn wà nínú owó tí wọ́n ń san. Ní ìparí 2006, ẹni tó bá fẹ́ odidi abala kan tuntun nínú Second Life yóò san 1,675 dọ́là lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa san 295 dọ́là lóṣooṣù. Iye olóṣooṣù yẹn tó bíi 150,000 sẹ́fà nígbà náà. Bí kò bá san án, ilẹ̀ náà padà sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Èdè wa ní orúkọ fún owó tí ènìyàn ń san kí wọ́n má baà lé e kúrò lórí ilẹ̀: ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe onílẹ̀, bó ti wù kí wọ́n kọ "o ti rà á" sórí ìwé rẹ̀ tó.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní àwọn yóò ṣe é lọ́nà mìíràn. Decentraland, tí wọ́n ṣí ní 2020, ní ojú ilẹ̀ 90,601, ọ̀kọ̀ọ̀kan mítà 16 sí mítà 16. Orúkọ olówó ilẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Inú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé jọ ń tọ́jú ni wọ́n kọ ọ́ sí, irú èyí tí wọ́n ń lò fún owó bíi Bitcoin. Ní oṣù kẹwàá 2021, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Meta. Ojú gbogbo ènìyàn yí sí ilẹ̀ inú kọ̀ǹpútà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ra ojú ilẹ̀ 116 pọ̀ nínú Decentraland ní owó tó sún mọ́ mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ dọ́là. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni MTN ra tirẹ̀ ní Ubuntuland. Nígbà tí yóò fi di 2023, owó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti já wálẹ̀ gidigidi. Ìwé kò sọnù, orúkọ olówó ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè parẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lórí Facebook lè rántí FarmVille. Oko ni. Ilé-iṣẹ́ Zynga ló ṣe é ní 2009, ènìyàn a máa túlẹ̀, a máa gbìn, bó bá sì pẹ́ jù kó tó padà wá kórè, ohun ọ̀gbìn rẹ̀ a rọ. Nígbà tó gbóná jù, ó lé ní mílíọ̀nù ọgọ́rin ènìyàn tó ń dá oko yẹn lóṣooṣù, àwọn kan sì ń ná owó gidi sí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020, Zynga pa á. Kì í ṣe ogun, kì í ṣe ọ̀dá. Irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí eré náà dúró lé lórí ni àwọn tó ṣe é kò tọ́jú mọ́, gbogbo oko náà sì lọ ní ọjọ́ kan.

A kò tìtorí èyí sọ pé kí àwọn ọmọ má ṣeré. Ohun rere wà níbẹ̀. Láti 2012 ni àjọ UN-Habitat, ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àti àwọn tó ṣe Minecraft ti jọ ń ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní Block by Block. Wọn a ya àdúgbò gidi kan sínú eré náà, wọn a pe àwọn ará àdúgbò, àwọn ọ̀dọ́ pàápàá, pé kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù hàn bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ó rí. Ní Kibera, ní ìlú Nairobi ní Kẹ́ńyà, pápá ìṣeré kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìjókòó síbi tí òjìji wà. Bí a bá ní ká ya ọjà Bantè bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ létí títì yóò ní ohun púpọ̀ láti gbé kúrò lójú kan.

Ṣùgbọ́n owó ni ọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá wá bá yín lórí WhatsApp pé ilẹ̀ inú íntánẹ́ẹ̀tì ń bẹ nílẹ̀, pé kí ẹ fi owó kajú ọdún yìí rà á kó tó wọ́n, ẹ bi í ní ohun tí ẹ máa bi ẹni tó ń ta oko. Ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá wọlé, kóòtù wo ni a ó lọ? Ta ni aládùúgbò tó lè jẹ́rìí?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni ilẹ̀ gidi fi ju ti fóònù lọ, òfin Benin sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, fi ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ sí abúlé, ó sì fi òmíràn sí mẹ́rì. Ẹni tó ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lè béèrè ìwé tí wọ́n ń pè ní ADC, tó ń jẹ́rìí pé ó ní ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìwé náà kò tó títíà fọ́nsíè lágbára, ṣùgbọ́n ó sàn púpọ̀ ju ẹnu lásán lọ. Fún ilẹ̀ oko tó bá ju ẹ̀kítà méjì lọ, ẹni tó fẹ́ rà á ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ. Àwọn abúlé kan sì wà tí wọ́n ti ya gbogbo ilẹ̀ wọn sórí ìwé, tí wọ́n ń pè ní PFR.

Níbi tí wọ́n bá ti ń ya PFR, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Ẹni tó ní ilẹ̀ yóò wà níbẹ̀, àwọn tó bá a pààlà yóò wà níbẹ̀, ẹni tó ń wọn ilẹ̀ yóò mú ẹ̀rọ dání, wọn a máa lọ láti pèrègún dé pèrègún, wọn a máa béèrè ní igun kọ̀ọ̀kan pé ṣé ibí ni. Bí àwọn méjèèjì bá gbà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọn kò bá gbà, wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ síta fún ará abúlé láti wò, kí ẹni tó ní àtakò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Cotonou, ní Ìbàdàn tàbí ní Abidjan, tí ẹ sì ń kà wá, bí ilé bá ránṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ rin ilẹ̀, ẹ wá, tàbí kí ẹ rán ẹnìkan tó mọ igun náà.